KÌ Í ṢE GBOGBO ARA GBÍGBÓNÁ NI IBÀ! Ẹ̀JẸ̀ Ń SỌ̀RỌ̀, ÌJỌBA DI ETÍ

Ẹ fara balẹ̀ ka ìwé yìí. Kí ẹni tó mọ̀wé kà á sókè fún ẹni tí kò mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ títì tí wọn kò ṣe, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ tí kò yọ, ẹ mọ̀ ọ́n jù wá lọ. Ọ̀rọ̀ ikú la mú wá lónìí: ikú tó ń wọlé bí ibà lásán, tí í gbé ìyá ọmọ lọ ní ọjọ́ kẹta tó bímọ, tí í gbé géńdé ọkùnrin lọ nítorí egbò ẹsẹ̀ kékeré, tí àwọn ará ilé á sì máa wí pé ayé ló ṣe é.

Ayé kọ́ ló ṣe é! Àìsàn ni. Ó ní orúkọ, ó ní àmì, ó sì ní ìtọ́jú. Ohun tí kò ní ni ìjọba tó kà á sí.

KÍ NI ÀÌSÀN NÁÀ?

Sẹ́písì ni àwọn dókítà ń pè é. Kòkòrò àìfojúrí á gba ojú egbò, tàbí ẹ̀dọ̀fóró, tàbí ilé ìtọ̀, tàbí ilé ọmọ wọnú ara. Ara á dìde láti bá a jà. Nígbà mìíràn ìjà náà á kọjá ààlà: ara tó ń gbèjà ara rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ba kíndìnrín, ẹ̀dọ̀, ọkàn àti ọpọlọ tirẹ̀ jẹ́. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi iná lé eku, tó wá jó ilé ara rẹ̀. Bó bá le jù, ìfúnpá á já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ò ní dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní ṣọ́ọ̀kì. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, wákàtí la fi ń ka ẹ̀mí rẹ̀, kì í ṣe ọjọ́.

Ẹ fi àwọn àmì wọ̀nyí sọ́kàn. Ara ń gbóná janjan, tàbí ó tutù ju bó ṣe yẹ lọ. Aláìsàn ń mí gúlegúle bí ẹni tó sáré. Ó ń sọ ìsọkúsọ, tàbí ó ń sùn tí kò ṣeé jí. Kò tọ̀ láti àárọ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ dúró di ọjọ́ ọjà kí ẹ tó gbé e lọ. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀!

Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, ẹ ka iye yìí sí i létí. Ìṣírò tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet tẹ̀ jáde ní 2020 sọ pé ní ọdún 2017 nìkan, mílíọ̀nù 48.9 ènìyàn ni sẹ́písì kọlù lágbàáyé, mílíọ̀nù 11 ló sì kú. Nínú ènìyàn márùn-ún tó kú láyé lọ́dún náà, ẹnì kan jẹ́ ti sẹ́písì. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20 nínú àwọn tó kọlù jẹ́ ọmọdé tí kò tí ì pé ọdún 5. Nínú ọgọ́rùn-ún, 85 ló wà ní àwọn ilẹ̀ tí kò lówó lọ́wọ́ bíi tiwa. Lọ́dún 2017 kan náà, ní oṣù Karùn-ún, ìpàdé àgbáyé ti àjọ ìlera WHO pinnu pé kí gbogbo orílẹ̀-èdè fi ìtọ́jú sẹ́písì sínú ètò wọn. Nàìjíríà wà nínú àjọ náà. Kí lẹ ti rí ní ọsibítù yín láti ìgbà náà?

MÀLÉRÍÀ ÀTI TAIFỌ́Ọ̀DÙ LÓJOOJÚMỌ́

Ẹ wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Ara gbóná. Ẹ lọ sí kẹ́mísí. Wọ́n ní ibà ni, wọ́n di oògùn fún yín. Kò lọ. Ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní Widal. Wọ́n ní "màléríà àti taifọ́ọ̀dù" ni. Àyẹ̀wò Widal yìí ti wà láti 1896. Ó pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé ṣíṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò tó gbé ìdájọ́ lé ní ilẹ̀ tí taifọ́ọ̀dù ti wọ́pọ̀, nítorí ẹni tó ti ní i rí, àti ẹni tí àìsàn mìíràn ń ṣe, lè ní àmì kan náà nínú ẹ̀jẹ̀. Síbẹ̀ òun ni wọ́n fi ń dá yín lóhùn títí dòní. Kí ẹ tó dé jẹ́nẹ́rà ọsibítù, ọjọ́ mẹ́rin ti lọ. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá ò ní ká a mọ́.

Ṣé ẹ̀bi yín ni? Rárá o! Ṣé ẹ̀bi oníkẹ́mísí ni? Òun lẹ rí nítòsí. Ẹ̀bi ẹni tó gba ìbò yín, tó wá fi ilé ìwòsàn sílẹ̀ láìsí ohun tí wọ́n fi ń mọ àrùn ni!

OHUN TÍ Ẹ̀JẸ̀ Ń SỌ

Ẹ̀jẹ̀ ní ẹnu. Ṣáájú kí ìfúnpá tó já, àwọn nǹkan kan á ti máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ tí ẹ̀rọ lè wọ̀n. Àmì inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n. Ẹ jẹ́ ká sọ mẹ́ta, kí wọ́n má baà fi gírámà rẹ́ yín jẹ.

Èkíní ni láktéètì. Ẹ̀yin tó ń fi igi dáná, ẹ mọ̀ pé iná tí afẹ́fẹ́ kò tó fún a máa rú èéfín. Bákan náà ni ẹran ara tí ẹ̀jẹ̀ kò dé dáadáa ṣe ń tú láktéètì sílẹ̀. Ẹ̀dọ̀ tó yẹ kó palẹ̀ rẹ̀ mọ́ náà á ti rẹ̀. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá kọjá 2 lórí ẹ̀rọ, kí dókítà la ojú. Bó bá tó 4, ọ̀ràn ti dé. Láti ọdún 2016 ni àwọn àgbà oníṣègùn lágbàáyé ti fi láktéètì tó ju 2 lọ sínú ohun tí wọ́n fi ń mọ ṣọ́ọ̀kì sẹ́písì lára àgbàlagbà. Ẹ̀rọ alágbèéká tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n wà. Ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín láti orí ìka ló ń gbà, bí èyí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà.

Ṣé ẹ rò pé ọgbọ́n àná ni? Ní ọdún 1843, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Johann Joseph Scherer rí ásíìdì yìí nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn obìnrin tí ibà ìgbà ìbímọ pa. Ẹ tún un kà: 1843! Kò tí ì sí ohun tó ń jẹ́ Nàìjíríà nígbà náà. Ohun tí wọ́n ti rí lára abiyamọ nílẹ̀ wọn ṣáájú ìgbà tí wọ́n bí baba baba wa, títí dòní abiyamọ wa ń wọ jẹ́nẹ́rà ọsibítù tí kò ti sí ohun tí wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n. Ìṣírò àjọ WHO sì sọ pé ní 2020, nǹkan bí 82,000 obìnrin ni oyún àti ìbímọ pa ní Nàìjíríà. Kì í ṣe gbogbo wọn ni sẹ́písì pa, ẹ̀jẹ̀ yíya pa púpọ̀; ṣùgbọ́n sẹ́písì wà lára àwọn apani ńlá níbẹ̀.

Èkejì ni CRP. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é nígbà tí ara bá ń jà. Láti 1930 ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n ní New York. Kò wọ́n. Ṣùgbọ́n kì í sọ ẹni tí ara ń bá jà. Màléríà náà lè gbé e sókè.

Ẹ̀kẹta ni procalcitonin. Láàárín wákàtí díẹ̀ tí kòkòrò bakitéríà bá ti gbógun, á gòkè. Bí oògùn bá sì ṣẹ́gun, á máa fi nǹkan bí ìdajì wálẹ̀ lójúmọ́. Iṣẹ́ ńlá rẹ̀ nìyẹn: ó ń sọ ìgbà tí oògùn ti tó. Ní Netherlands, wọ́n tẹ ìwádìí jáde ní 2016 lórí aláìsàn 1,546 tó wà ní ìtọ́jú àkànṣe. Àwọn tí wọ́n fi procalcitonin ṣọ́ lo oògùn apakòkòrò fún ọjọ́ 5. Àwọn tí wọn kò fi ṣọ́ lo ọjọ́ 7. Àwọn tó lo oògùn díẹ̀ kò kú jù. Kódà àwọn ló kú kéré jù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tẹ irú rẹ̀ jáde ní 2024 lórí aláìsàn 2,760, procalcitonin sì tún dín ọjọ́ oògùn kù láìséwu. CRP kò rí i ṣe.

Ọjọ́ méjì, kí ló jọ lójú olówó? Ẹ bi ẹni tó ń ra oògùn léèrè! Láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ GSK ti kéde ní 2023 pé àwọn ń fi Nàìjíríà sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ iye tí Augmentin dà. Ọjọ́ méjì oògùn lè jẹ́ àpò gàrí kan. Ó tún ju owó lọ: oògùn tí a ń lò nílòkulò ló ń sọ kòkòrò di olórí kunkun. Ní 2019, kòkòrò tí oògùn kò ràn mọ́ pa mílíọ̀nù 1.27 ènìyàn lágbàáyé.

WÁKÀTÍ KAN, Ẹ̀MÍ MÉLÒÓ?

Ní 2006, àwọn dókítà ní Canada àti Amẹ́ríkà tẹ ohun tí wọ́n rí jáde: lẹ́yìn tí ìfúnpá aláìsàn sẹ́písì bá ti já, fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí oògùn tó yẹ fi pẹ́, ìrètí ìyè ń dín ní nǹkan bí 7.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Wákàtí kan! Ẹ wá ka wákàtí tiwa. Wákàtí kan láti rí ọkọ̀. Wákàtí kan láti gba káàdì. Wákàtí kan tí wọ́n fi ń sọ pé ẹ lọ ra ìbọ̀wọ́, ẹ lọ ra abẹ́rẹ́, ẹ lọ ra omi tí wọ́n máa fà sí i lára. Wákàtí kan tí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láàbù ti lọ sílé torí iná ò sí. Kí wọ́n tó fún un ní oògùn àkọ́kọ́, ìrètí ti fò lọ.

IRỌ́ TÍ WỌ́N Ń PA

Irọ́ kìíní: "Ẹ̀rọ òyìnbó ni, ó wọ́n jù fún wa." Ẹ gbọ́ ná. Ní 2023, ìròyìn gba orílẹ̀-èdè kan pé jíìpù tí wọ́n rà fún àwọn aṣòfin l'Abuja, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bí mílíọ̀nù 160 náírà. Owó jíìpù kan ṣoṣo tó ra ẹ̀rọ alágbèéká tó ń wọn láktéètì fún gbogbo jẹ́nẹ́rà ọsibítù ìpínlẹ̀ kan, á sì tún ṣẹ́kù. Kí ló wá wọ́n ńbẹ̀?

Irọ́ kejì: "A ti kọ́ ọsibítù fún yín." Ẹ kọ́ ilé, a rí i. Ẹ kun géètì, a rí i. Ẹ gé tẹ́ẹ̀pù, ẹ jó, a wò yín lórí tẹlifíṣọ̀n. Ilé kì í wo àìsàn! Bí láàbù kò bá ní iná lóru, tí kò ní ohun èlò, tí nọ́ọ̀sì kan sì ń ṣọ́ ọgbọ̀n aláìsàn, géńdé ilé lásán lẹ kọ́.

Irọ́ kẹta ni wọ́n fi ń bojú jù: "Ẹ̀rọ kọ́ ló ń wo aláìsàn, dókítà ni." Òótọ́ pọ́ńbélé ni, àwa náà gbà. Àwọn àgbà oníṣègùn fúnra wọn sọ ní 2021 pé kí dókítà má dúró de procalcitonin kó tó bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ojú àti ọgbọ́n rẹ̀ ni kó lò, kó sì fi àmì inú ẹ̀jẹ̀ tì í lẹ́yìn. A kò sì bẹ ẹnikẹ́ni kó wá ṣe àdàkọ òyìnbó fún wa ní afọ́jú. Ní Uganda, Kenya àti Tanzania, ìwádìí kan tó jáde ní 2011 lórí ọmọdé tó lé ní 3,000 fi hàn pé àwọn tí wọ́n rọ omi sí lára lẹ́ẹ̀kan náà kú ju àwọn tí wọn kò rọ ọ́ fún lọ. Ní Lusaka ní Zambia, ìwádìí ti 2017 lórí àgbàlagbà 209, tí kòkòrò HIV wà lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, fi hàn pé nínú àwọn tí wọ́n fi ètò omi púpọ̀ tọ́jú, 48 nínú ọgọ́rùn-ún ló kú. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìtọ́jú ojoojúmọ́ tọ́jú, 33 ni. Ẹ̀kọ́ wo nìyẹn kọ́ wa? Ó kọ́ wa pé níbi tí ẹ̀rọ tó ń báni mí kò ti tó, rírọ omi láìwọ̀n lè pani. Ẹni tó ń tọ́jú sẹ́písì gbọ́dọ̀ wọ̀n, kó ṣe díẹ̀, kó tún wọ̀n.

Bí wọ́n bá sì ní ẹ̀rọ kò tí ì dé, ẹ sọ fún wọn pé ìka wà! Àwọn àgbà ní bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Nínú ṣọ́ọ̀kì, ẹ̀jẹ̀ ń tán léèékánná. Tẹ orí ìka aláìsàn fún ìṣẹ́jú àáyá 10, tú u sílẹ̀, ka iye àáyá tí àwọ̀ rẹ̀ fi padà. Bó bá ju 3 lọ, ẹ̀jẹ̀ ò dé ibẹ̀ dáadáa. Ní Argentina, Chile, Colombia, Ecuador àti Uruguay, wọ́n fi ìka títẹ̀ yìí wé láktéètì lórí aláìsàn 424 tó wà nínú ṣọ́ọ̀kì, wọ́n sì tẹ èsì jáde ní 2019. Lẹ́yìn ọjọ́ 28, 43 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi láktéètì ṣọ́ ti kú. Nínú àwọn tí wọ́n fi ìka ṣọ́, 35 ni. Ìyàtọ̀ náà kò tó ohun tí a fi ń búra, ṣùgbọ́n ó tó láti mọ̀ pé ìka kò rẹ̀yìn. Kò gba iná NEPA, kò gba owó dọ́là. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá kọ́, tí wọ́n sì sanwó oṣù fún, ló gbà. Èwo ni wọ́n ṣe nínú méjèèjì? Ẹ̀rọ, wọn ò rà. Nọ́ọ̀sì, wọn ò gbà síṣẹ́. Àwọn tí wọ́n gbà tẹ́lẹ̀ ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí London.

OWÓ WÀ, ÀWỌN LÓ JÓKÒÓ LÉ E

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2001, l'Abuja wa níbí, àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà fọwọ́ sí i pé 15 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìnáwó ọdọọdún ni ti ìlera. Nàìjíríà ló gbà wọ́n lálejò, Nàìjíríà ló ṣe àsè. Láti ọjọ́ náà, ìjọba àpapọ̀ kò fi í sílẹ̀ pé rí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní 2014, òfin ìlera jáde pé ó kéré tán, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ gbọ́dọ̀ lọ sí ìtọ́jú ìpìlẹ̀. Ẹ lọ wo ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín, kí ẹ wá sọ fún wa bóyá owó náà mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Àwọn fúnra wọn ńkọ́? Ní 2017, Ààrẹ Muhammadu Buhari lo ọjọ́ tó lé ní 100 ní London lẹ́ẹ̀kan náà fún ìtọ́jú. London náà ni wọ́n wà nígbà tí ọlọ́jọ́ dé, ní July 13, 2025. Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. A kì í fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn alààyè là ń bá wí! Ẹni tó mọ̀ pé bí ara òun bá gbóná, London ló máa lọ, tí wọ́n á yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kí ó tó jókòó tán, báwo ni yóò ṣe rántí láàbù Ìsẹ́yìn tàbí ti Ìkáré? Ẹni tó kàn ló mọ̀. Ẹ̀yin ló kàn.

BÍ WỌ́N BÁ KÓ ÌRẸSÌ DÉ, Ẹ BI WỌ́N

Àkókò ìbò ń bọ̀. Wọn á dé pẹ̀lú ìrẹsì, pẹ̀lú ankara, pẹ̀lú owó sísẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó bá wá tọrọ ìbò dáhùn ìbéèrè wọ̀nyí ní gbangba. Bí àwa náà bá wá, ẹ bi wá!

1. Jẹ́nẹ́rà ọsibítù wa, ṣé ó ní ohun tí wọ́n fi ń wọn láktéètì? Bí kò bá ní, oṣù wo ni yóò ní in?

2. Láàbù wo ló sún mọ́ wa jù tó lè fi ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò títí wọ́n á fi mọ kòkòrò inú rẹ̀ àti oògùn tó lè pa á? Wákàtí mélòó ni ẹ̀jẹ̀ wa fi ń dé ibẹ̀?

3. Ní agbègbè sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan, ṣé ó kéré tán ọsibítù kan wà tó ń ṣe CRP àti procalcitonin lọ́sàn-án àti lóru?

4. Ṣé iná wà ní láàbù lóru, ṣé atẹ́gùn ọ́síjìn wà nínú wọ́ọ̀dù?

5. Nọ́ọ̀sì mélòó ló wà ní ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, ta ló kọ́ wọn láti ka èémí, láti wọn ìfúnpá, láti tẹ ìka? Ọkọ̀ wo ló ń gbé ẹni tó bá dákú?

6. Ta ló ń san owó oògùn àkọ́kọ́? Ṣé wọ́n á fún aláìsàn kí wọ́n tó béèrè owó, àbí òkú ni wọ́n á kọ ìwé owó sí lára?

Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jù yín síra wọn bíi bọ́ọ̀lù. Jẹ́nẹ́rà ọsibítù, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Gómìnà ni kí ẹ bi. Alábọ́dé, ti ìjọba ìbílẹ̀ ni. Alága ni kí ẹ bi. Ní July 11, 2024 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Alága tó bá ní gómìnà ni kò jẹ́, ẹ fi ìdájọ́ náà hàn án.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin lẹ jẹ́ àgbà ọjà yìí. Ìwé ìdìbò ọwọ́ yín lágbára ju abẹ́rẹ́ lọ: abẹ́rẹ́ ń wo ẹnì kan, ìbò lè wo ìlú. Ẹ má tà á. Ẹni tó bá ra ìbò yín lónìí kò jẹ yín ní láàbù lọ́la. Ó ti san gbèsè rẹ̀ tán.

Ẹ jáde! Ẹ dìbò! Ẹ dúró kí wọ́n kà á lójú yín! Ẹ lé àwọn tó di etí sí ẹ̀jẹ̀ yín kúrò lórí àga!